Etí Madalo Kì í Ṣe Itẹ́ Òkú

Dundee, Scotland
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì

Àǹtí mi Enelesi,

Mo kí yín tayọ̀tayọ̀. Ṣé ara le? Gogo, ìyá wa àgbà, ńkọ́, ṣé orúnkún ń jẹ́ kí wọ́n dìde? Adágún ńkọ́, ṣé ó ṣì ń fún wa lẹ́ja? Ẹ bá mi kí gbogbo Kamphuka, pàápàá Bambo Yotamu tó ń gbẹ́ sàréè. Ẹ ní mi ò tíì kú o, kó gbé ọkọ́ rẹ̀ tì ná.

Mo gbọ́ pé ẹ̀fúùfù ti wó òpó fóònù, pé kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa tún un ṣe. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kò dùn mí tó bí ẹ ṣe rò. Lórí fóònù ẹ kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kan. Nínú lẹ́tà, ẹ ò lè já mi lẹ́nu, ẹ máa kà á tán ni.

Àǹtí mi, mo ti rí wọn! Mo ti fojú ara mi rí wọn!

Ẹ mọ̀ pé nítorí etí Madalo ọmọ yín ni mo ṣe yan iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ tí mò ń kúrò nílé, ọmọ náà dì mọ́ mi lọ́rùn, inú ọkọ̀ òfuurufú ni mo ti wá rí i pé ọyún etí rẹ̀ ti ta sí ọrùn ẹ̀wù funfun tí mo wọ̀. Mo fi ọwọ́ bò ó títí a fi balẹ̀. Lánàá, ọ̀gá mi obìnrin, Dókítà Morag, ní kí n wá wo inú awò tí ń sọ ohun kíkéré di ńlá. Omi tí wọ́n fà láti inú etí ọmọ kékeré kan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ìdọ̀tí ni mo máa rí. Ọmọ ogun ni mo rí, Àǹtí. Ọmọ ogun rẹpẹtẹ!

Inú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa ni wọ́n ń gbé, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ń ṣọ́ ara. Bí kòkòrò àrùn bá gba ọ̀fun gòkè wọ ẹ̀yìn ìlù etí, wọ́n á ké sí ara wọn, wọ́n á sì ya lọ síbẹ̀ bí èrò tó gbọ́ pé ọkọ̀ ẹja ti gúnlẹ̀. Wọ́n á máa gbé kòkòrò mì láàyè. Bí kòkòrò bá wá pọ̀ jù, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe o: wọ́n á bẹ́ ikùn ara wọn, wọ́n á fa okùn tó wà nínú ikùn náà jáde, wọ́n á fi ṣe àwọ̀n, wọ́n á dà á bo ọ̀tá lórí. Àwọ̀n o! Àwa ọmọ apẹja tá a rò pé kò sẹ́ni tó mọ àwọ̀n jù wá lọ. Ẹni tó bá sì ti ju àwọ̀n yẹn, ó kú nìyẹn. Mo pariwo débi pé Dókítà Morag da tíì sórí tábìlì.

Nítorí náà, ọyún tí ẹ ń nù létí Madalo méjèèjì láràárọ̀, tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń pè é ní Elétí-ẹja, kì í ṣe ìdọ̀tí. Òkú àwọn tó kú nítorí rẹ̀ ni. Itẹ́ òkú àwọn akọni ni etí ọmọ yẹn! Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kó máa gbórí sókè.

Láti ìgbà tí Malume wa Biliati, arákùnrin ìyá wa, ti kú, èmi náà ti di Malume. Àbúrò yín ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ọkùnrin tó bá bá ìyá ọmọ mu ọmú kan náà ló ń sọ̀rọ̀ lé ọmọ lórí. Mo wá fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kó má rí ẹnu yín, ẹ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí ẹ wò ó bóyá á gbọ́. Ẹ kọ ọ́ sí mi bó bá ṣe rí gẹ́lẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹni tó máa bá mi mú usipa gbígbẹ wá. Ẹja ibí tóbi, ṣùgbọ́n kò ládùn. Ṣé àárò mi tiẹ̀ ń sọ ẹnì kankan nílé?

Èmi àbúrò yín,
Lameki


Kamphuka, Nkhotakota, Malawi
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta

Lameki, ọmọ ìyá mi,

Àlàáfíà la wà. Gogo ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún òun kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ọmọkùnrin máa béèrè. Bambo Yotamu ní kí o fọkàn balẹ̀, òun ti fojú wọ̀n ọ́ kí o tó lọ, òun mọ bí ihò rẹ á ṣe gùn tó.

Àárò rẹ kò sọ ẹnì kankan níbí. Ẹja là ń sá. Usipa rẹ wà nínú àpò, bí mo bá rí ẹni rere tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún màá fi rán an. Mo tún gbọ́ pé o ti di Malume. Ìwọ tí mo pọ̀n, tí o tọ̀ sí mi lẹ́yìn títí o fi mọ̀ ọ́n rìn, ìwọ lo wá di ẹni tó ń pàṣẹ lórí ọmọ mi. Ó dára bẹ́ẹ̀, àṣà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ò tíì gbàgbé.

Mo ṣe ohun tí o ní kí n ṣe. Ó ń ṣa òkúta kúrò lára usipa, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, “Madalo, nsima ti délẹ̀, wá jẹun.” Kò mira. Mo ní, “Madalo, mo ra ìrèké.” Kò mira. Mo ní, “Madalo, Malume rẹ ti dé.” Ọmọ ń ṣa ẹja rẹ̀ lọ. Lameki, mo lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún. Tíṣà rẹ̀ ní olóríkunkun ni, pé bí òun bá pè é kì í dáhùn. Ó ti wá gbé e lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá láti fi jẹ ẹ́ níyà. Bó bá lè máa lọ báyìí, wọ́n á ní kó tún kíláàsì kà, mi ò sì mọ̀ bóyá á gbà láti tún un kà.

Àmọ́ lẹ́tà rẹ ti tún nǹkan ṣe nínú ilé yìí! Mo kà á fún Gogo. Nígbà tí mo kà dé ibi itẹ́ òkú, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ká ìborùn wọn kúrò lórí, wọ́n ní, “Enelesi, ṣé ohun tí o ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyẹn? O ń fi àkísà gbá itẹ́ òkú, o wá ń bi mí pé kí ló dé tí ara ọmọ ń gbóná?”

Ìwọ náà mọ̀. A kì í ya ẹ̀ka igi ní igbó òkú. A kì í gbálẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tí kò bá sin òkú kò ní nǹkan í ṣe níbẹ̀. Gogo ní Malume ti sọ̀rọ̀, ó parí. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan etí Madalo, ká má bàa da àwọn akọni láàmú. Ọmọ alára ń yan bíi gómìnà. Ó lọ sọ ní ilé ìwé pé, “Akọni mẹ́wàá kú sí mi létí láàárọ̀ yìí,” àwọn tó ń pè é ní Elétí-ẹja sì ń sá fún un báyìí. Lameki, o ṣeun. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Mísísì Chirwa, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré wa, ní àwọn dókítà etí ń bọ̀ wá sí ìlú lóṣù Keje. Wọ́n á lẹ ìlù etí tó lu, ọmọ á sì máa gbọ́rọ̀! Ṣùgbọ́n etí gbígbẹ nìkan ni wọ́n ń lẹ̀, wọn kì í lẹ etí tó ń ṣọyún. Gogo ní bí àwọn akọni bá ti sùn dáadáa, etí á gbẹ. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa fọ̀bẹ kan ọmọ náà láìjẹ́ pé Malume fẹnu sí i. Ẹnu rẹ là ń dúró dè.

Nǹkan kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. O ní wọ́n ju àwọ̀n, wọ́n sì kú. Ta ló wá ń fa àwọ̀n ọ̀hún sókè?

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Enelesi


Dundee
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta

Àǹtí mi,

Ẹ dárí jì mí, mi ò ní kí yín tán lónìí. Ẹ NÙ ÚN! Bí ẹ bá ń ka èyí lórí ìdúró, ẹ má jókòó, ẹ lọ nù ún kí ẹ tó ka ìyókù.

Ẹnu mi ló ṣe èyí. Ẹyin lohùn, mo sì ti já a sílẹ̀. Inú mi dùn, mo ń fọ́nnu, mo gbàgbé ilé tí mò ń kọ̀wé sí. Èmi tí wọ́n bí sí Kamphuka, èmi ni mo lọ kọ “itẹ́ òkú” sí Gogo! Ta ni mo rò pé ó máa kà á?

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ bó ṣe yẹ. Ẹ rántí àwọ̀n Bàbá wa tó já sínú omi lọ́dún tí mo wọ ilé ìwé? Nígbà tí wọ́n fi máa fà á jáde, ṣé kì í ṣe pé alákàn ti fi gbogbo rẹ̀ ṣe ilé? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nínú etí. Àwọ̀n tí àwọn ọmọ ogun jù ń mú kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó fà á, á ki, á máa lẹ̀, kòkòrò tó yè á wá sá pamọ́ sínú rẹ̀, oògùn ò ní rí i mú. Ẹ wá béèrè ẹni tó ń fà á. Àǹtí, ohun tí gbogbo wa ń wá nínú yàrá iṣẹ́ yìí láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn!

Àwọn kan ló ń fà á. Sẹ́ẹ̀lì ńlá ni wọ́n, wọn kì í kánjú. Bí ìjà bá ti parí, wọ́n á dé, wọ́n á máa gbé òkú mì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tú àwọ̀n, wọ́n á kó o mì. Adzukulu ni wọ́n, Àǹtí. Bí adzukulu wa ṣe ń gbẹ́ ihò tí wọ́n sì ń sin òkú gbogbo abúlé, iṣẹ́ tiwọn náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú etí Madalo, ìjà ò tán, òkú sì ti pọ̀ ju apá wọn lọ. Ẹ sọ fún Gogo pé mo ní: ibi tí adzukulu ti sin òkú tán la kì í fọwọ́ kàn. Òkú tí a ò tíì sin, ta ló ń fi í sílẹ̀ nínú oòrùn?

Ẹ wá aṣọ òwú funfun tó mọ́, ẹ sè é, ẹ sá a gbẹ. Ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lọ́ ṣóńṣó rẹ̀, ẹ rọra tì í bọ etí kó fa omi, ẹ yọ ọ́, ẹ tún fi òmíràn síbẹ̀, títí èyí tó jáde á fi gbẹ. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kán oògùn Mísísì Chirwa sí i. Ẹ má kán òróró, ẹ má kán omi ọmú, kó má sì rì sínú adágún.

Ní ti àwọn dókítà oṣù Keje, èmi Malume rẹ̀ ti gbà. Ẹ gbé e lọ.

Bí ẹ̀yìn etí rẹ̀ bá wú pẹ́nrẹ́n, ẹ má dúró de lẹ́tà kankan láti ọ̀dọ̀ mi. Mo bẹ̀ yín.

Lameki


Ilé ìwòsàn ìlú, Nkhotakota
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Lameki,

Ara wa ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Lẹ́tà rẹ ò tíì dé, mi ò sì mọ̀ bóyá o ti gba tèmi. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Madalo ni mo ti ń kọ èyí.

Ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀yìn etí rẹ̀ òsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọjọ́ kejì, etí náà ti yọ síta bí etí ìkòkò, ara rẹ̀ gbóná, kò mọ̀ mí mọ́. Mo ní kí n nù ún, Gogo di ọwọ́ mi mú. “Malume ló ti ilẹ̀kùn yẹn, Malume ló máa ṣí i. Kọ̀wé sí i.” Kí n kọ̀wé! Kí lẹ́tà lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ọmọ máa dúró! Mo wo Gogo, mo wo ọmọ. Mo pọ̀n ọ́n, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, mo gba ẹ̀yìn ilé jáde. Lórí àpò ẹja la jókòó sí nínú ọkọ̀ akẹ́rù títí a fi dé ibí. Mi ò dágbére.

Nọ́ọ̀sì ibí ń da omi oògùn sínú iṣan rẹ̀, ó ń nu etí náà, ọyún ń tú jáde bí ẹni ṣí agbè. Ó wò mí, ó ní, “Ìyá, ta ló ní kí ẹ má máa nu etí yìí?”

Mo ní, “Àbúrò mi ni.”

“Ṣé adáhunṣe ni?”

“Rárá o. Etí ló lọ kọ́ ní ìlú òyìnbó.”

Lameki, obìnrin náà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí àwọn aláìsàn fi ń bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ojú tì mí fún ọ. Ó sì ń tì mí fún ara mi, nítorí ọkàn mi ti sọ fún mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé nǹkan ò rí bó ṣe yẹ, mo sì ń wo ojú Gogo.

Láàárọ̀ yìí wíwú náà ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ó béèrè nsima, ó sì bú mi pé ẹja rẹ̀ kéré. Ọlọ́run ṣeun. Ó yè.

Mo ti gbé ọmọ kúrò nílé láìgba ẹnu Malume. Mo mọ ohun tí àṣà sọ. Bí o bá fẹ́, dá adìyẹ lé mi lórí, màá san án. Ṣùgbọ́n bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún gbé e.

Enelesi


Dundee
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹrin

Àǹtí mi, ìyá Madalo, akọni obìnrin,

Mo kí yín, mo sì dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti ka lẹ́tà yín, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi. Mo kà á dé “ó béèrè nsima,” mo bú sẹ́kún, mo tún bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ kú iṣẹ́! Ẹ kú àyà! Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ jẹ gbèsè adìyẹ. Èmi ni. Ẹnu Malume ló ṣi ọ̀nà, Malume ni yóò san án. Àkùkọ mi tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀yin náà ni, ẹ̀yin tí ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé ó ti kú tí ẹ sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láràárọ̀. Ẹ mú un.

Ẹ ka ibi tó kàn yìí sókè fún Gogo.

Gogo, ọmọ yín Lameki ló ń kí yín. Ẹ ò ṣẹ̀. Ẹ gba ọ̀rọ̀ Malume gbọ́ bó ṣe yẹ kí àgbà gbà á gbọ́; ọ̀rọ̀ náà ni kò pé. Malume ti ṣí ilẹ̀kùn tó tì. Àwọn akọni inú etí Madalo kò tíì rí ẹni sin wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a sin wọ́n.

Àǹtí, mo fẹ́ sọ ohun kan tó máa mú yín rẹ́rìn-ín. Lánàá mo rí adzukulu kan lójú iṣẹ́. Ó rọra yí ọmọ ogun tó ti kú ká, pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e mì pátá, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní mímọ́. Mo kígbe, “Adzukulu! Adzukulu ti dé!” Gbogbo yàrá ń wò mí. Mo ṣàlàyé fún wọn. Báyìí, Dókítà Morag, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò lè yí rárá, ló ń wọlé láràárọ̀ tó ń béèrè pé, “Adizúkúlú ńkọ́ o?”

Ẹ kọ̀wé kíá. Ṣé etí ti ń gbẹ? Oṣù Keje ò jìnnà mọ́.

Lameki


Dundee
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹfà

Àǹtí mi,

Mo kí yín, mi ò sì gbọ́ kíkí yín padà. Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ lẹ́yìn èyí tí mo bá Gogo sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ṣé Gogo bínú ni? Ṣé etí náà ti tún wú? Ọkùnrin Malawi kan wà níbí tó ń gba ìròyìn láti Lilongwe, ó ní wọn ò tíì tún òpó fóònù yín ṣe. Mi ò lè jẹun dáadáa. Bí ẹ bá ń bá mi jà, ẹ kọ èébú náà ránṣẹ́, kí n ṣáà rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín. Dókítà Morag alára ti ń béèrè Madalo kó tó béèrè iṣẹ́.

Lameki


Kamphuka
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Keje

Lameki ọmọ ìyá mi, aláìnísùúrù,

O kú ìdúró o! Mi ò bá ọ jà. Gogo ló ní kí n má kọ nǹkan kan títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú, torí lẹ́tà tí a kọ láìtíì mọ òpin ọ̀rọ̀ ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ìwọ ni wọ́n ń bá wí.

Jókòó kí o gbọ́. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ sókè fún Gogo. Wọ́n mu omi, wọ́n ní, “Bó bá jẹ́ òkú tí a ò tíì sin ni, kì í ṣe iṣẹ́ Enelesi. Ìyá òkú kì í gbẹ́ ihò. Ẹ pe adzukulu.”

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bambo Yotamu. Lameki, ọkùnrin náà gbé ọkọ́ wá! Ó ní òun gbọ́ pé iṣẹ́ wà. Nígbà tí a ṣàlàyé fún un pé inú etí Madalo ni itẹ́ náà wà, ó wo ọkọ́, ó wo etí, ó ní, “Èyí á gba ọkọ́ kékeré.” Mísísì Chirwa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lọ́ aṣọ. Mo rò pé á ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, á sì sá lọ.

Kò sá lọ. Láràárọ̀, kí ọkọ̀ ẹja tó gúnlẹ̀, wàá gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, á jókòó sórí odó, á gbé orí ọmọ lé itan. “Mélòó ló kú lónìí?” Madalo á ní, “Igba!” “Igba? Wọ́n fẹ́ fiṣẹ́ pa mí ni?” Àwọn tó ń bọ̀ wá rí i ń pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, ó wá. Lọ́jọ́ tí òkú gidi wà nílẹ̀, ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ wa, ó ní èyí náà kì í ṣe òkú àdàmọ̀dì. Ó tún bá Madalo létí omi lọ́jọ́ kan, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀ tán, igbe tí Yotamu ké, àwọn apẹja rò pé ọ̀nì ti dé.

Aṣọ tó ń jáde ń dín ní ọyún. Gbogbo rẹ̀ ló ń rin tẹ́lẹ̀, ó di ìdajì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹfà, ó yọ aṣọ náà síta, ó gbé e sí oòrùn, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó gbẹ! Ó fi òmíràn sí etí kejì. Ó gbẹ! Bambo Yotamu dìde, ó ṣí fìlà bó ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá ti bo ilẹ̀ tán. Ó ní, “Ìsìnkú ti parí. Adìyẹ mi dà?”

Àkùkọ rẹ ti di ọbẹ̀. Ìwọ ni o ní kí n mú un. Yotamu jẹ itan méjèèjì, ó ní bí àṣà ṣe rí nìyẹn, mi ò sì bá a jiyàn.

Gogo wá jáde pẹ̀lú igbálẹ̀ wọn. Wọ́n gbá iwájú ilé fúnra wọn, orúnkún yìí náà o, wọ́n ní ìgbà tí adzukulu bá ti lọ, ilé gbọ́dọ̀ mọ́.

Àwọn dókítà etí dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n tan iná wo etí Madalo, wọ́n pe ara wọn wá wò ó, wọ́n ní ta ló ń tọ́jú etí yìí tó fi gbẹ báyìí. Mo nawọ́ sí Bambo Yotamu. Wọ́n ní, “Ṣé òṣìṣẹ́ ìlera ni?” Ó ní, “Rárá, òkú ni mo ń sin,” àyà wọn sì já. Ihò tó wà ní ìlù etí ọ̀tún ti pa ojú dé fúnra rẹ̀. Ti òsì, wọ́n mú awọ tínrín kan lókè etí rẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Wọ́n dí i pa, wọ́n ní ká ní sùúrù, pé awọ á kọ́kọ́ mọ́ra kó tó gbọ́rọ̀ dáadáa, àti pé ó lè má mọ́ra rárá. Mò ń bẹ̀rù, Lameki. Mo ń wò ó bó ti ń sùn, mo fẹ́ pè é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mi ò jẹ́ pè é.

Ní ti ìbéèrè tí o fi parí lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́, ti àárò, mo ti dá ọ lóhùn. Ẹja là ń sá.

Enelesi


Kamphuka
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án

Malume mi Lameki,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi Madalo ni mo ń kọ èyí fúnra mi. Mama ò mọ̀. Bambo Yotamu ló máa fi ránṣẹ́, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ṣì ń dúró de yín, ihò yín ń gbóná.

Wọ́n ti yọ ohun tí wọ́n fi dí etí mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ariwo pọ̀ jù, mo rò pé gbogbo ayé ń bínú. Ẹ̀yin ò sọ fún mi pé usipa ń dún bí wọ́n bá ń dà á sórí àtẹ. Ó ń dún ṣàà! Tíṣà ní kí n padà wá jókòó níwájú. Mo ní rárá, mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Ó ní kí n dáhùn ìbéèrè, mo dáhùn rẹ̀, mo tún dáhùn ti ẹni ẹ̀gbẹ́ mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín rèé. Lánàá Mama ń yí ẹja nídìí àtẹ, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó jìnnà. Wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mi ò rí ẹnu wọn rárá. Wọ́n mú chambo kan tó sanra, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Wọ́n ní, “Irú èyí ni Lameki fẹ́ràn. Àárò ọmọ yìí fẹ́ẹ̀ pa mí.”

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, Malume. Ẹ má sọ fún wọn.

Madalo